Iyọ̀ Mi Kọ̀, Kò Dì ní Abidjan

Láti ìgbà tí mo ti padà dé Ìbàdàn, kò sí ẹni tó pàdé mi tí kò ní béèrè pé, "Rónkẹ́, Abidjan ńkọ́? A gbọ́ pé ìgbádùn ni ibẹ̀." Ẹ jẹ́ kí n dá gbogbo yín lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà, kí etí mi lè sinmi. Abidjan dára. Títì wọn gbòòrò, afárá wọn gùn gbọọrọ lórí ọ̀sà, ẹja wọn sì dùn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹja ló gbé mi lọ. Iyọ̀ ló gbé mi lọ, iyọ̀ náà sì jẹ́ kí ojú mi rí màbo.

Kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀ o. Kẹ́mísìrì ni mò ń kọ́ ní yunifásítì, mo sì ń ṣe ìwádìí tí màá fi gba oyè dókítà. Oògùn ibà kan wà tí à ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Ó lágbára nínú ìgò, ṣùgbọ́n kò wúlò nínú ara, nítorí pé kì í yọ́ nínú omi. Bí ènìyàn bá gbé e mì, bó ṣe wọlé náà ló ṣe máa jáde. Ohun tí mo ṣe ni pé mo wá ásíìdì kan fún un. Ásíìdì yìí á fún oògùn náà ní prótọ̀nù kan, ẹyọ tíntín tó ní àmì ìròpọ̀. Bó bá ti fún un tán, oògùn á ní àmì ìròpọ̀, ásíìdì á ní àmì ìyọkúrò, a ó sì máa pe àwọn méjèèjì ní áyọ́ọ̀nù. Wọ́n á wá máa fa ara wọn bí mágínẹ́ẹ̀tì. Ohun tí wọ́n bá pa pọ̀ dà là ń pè ní iyọ̀, yálà ó ṣe é fi sọ́bẹ̀ tàbí kò ṣe é fi sí i.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n máa fa ara wọn nìkan kò tó. Bí wọ́n ṣe tò ni wàhálà. Áyọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan ní ibi tó fi ń di òmíràn mú, bí ẹni tó ní ọwọ́. Wọ́n á dì mọ́ra ní méjì-méjì, méjì-méjì á di ìlà, ìlà á di ìpele, ìpele á jókòó lórí ìpele, títí yóò fi di kírísítà, ẹyọ kan ṣoṣo tó mọ́ gaara tí ojú lè rí. Bí wọ́n bá tò dáadáa, ẹ̀rọ ẹ̀ksíreè lè wo inú rẹ̀, kó sì sọ fún wa ibi tí átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan dúró sí. Bí wọn kò bá tò, oje lásán ni, bí oje igi, kò sì sí ẹ̀rọ tó máa rí nǹkan kan níbẹ̀.

Ẹ̀rọ tó wà nítòsí wa ti dẹnu kọlẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń tọ́ mi sọ́nà ní ọ̀rẹ́ kan ní Abidjan tó ní tirẹ̀, ọ̀rẹ́ náà sì ní kí n máa bọ̀. "Ṣebí o ti ní kírísítà lọ́wọ́," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. "Kí wọ́n kàn bá ọ wò ó, kó o padà wálé." Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni pé mo fẹ́ lọ ra búrẹ́dì lójú títì.

*Funfun tí kò ṣe é tọ́ wò*

Ọkọ̀ ojú títì ni mo wọ̀. Kírísítà mi wà nínú ìgò kékeré kan, ìyẹ̀fun oògùn wà nínú èkejì, ìyẹ̀fun ásíìdì nínú ẹ̀kẹta, nítorí mo rò pé bí nǹkan kan bá ṣe kírísítà, màá lè tún òmíràn ṣe. Ìmọ̀ràn mi fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé ni pé kí ẹ má ṣe gbé ìyẹ̀fun funfun kọjá ẹnubodè kankan láyé yín.

Ní ẹnubodè àkọ́kọ́, ọkùnrin kan gbé ìgò sókè, ó mì ín lẹ́bàá etí rẹ̀.

"Kí lèyí?"

"Iyọ̀ ni, ọ̀gá."

"Tọ́ ọ wò kí n rí i."

"Kì í ṣe irú iyọ̀ tí wọ́n ń tọ́ wò, ọ̀gá."

"A jẹ́ pé kì í ṣe iyọ̀ nìyẹn."

Mo ṣàlàyé prótọ̀nù fún un. Ẹ gbà mí gbọ́, mo dúró nínú oòrùn, mo ń ṣàlàyé prótọ̀nù, èrò ọkọ̀ ń pòṣé lẹ́yìn mi. Ó gbọ́ mi tán, ó ní kí n lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

Nígbà tí a dé èkejì, mo rò pé mo ti gbọ́n, mo ní oògùn ni. Ìyẹn burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní ẹ̀kẹta, mo ní kẹ́míkà ni. Ẹni tó di ìgò mú rọra gbé e kalẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin, ó fẹ̀yìn rìn, ó pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, gbogbo wọn sì dúró lókèèrè, wọ́n ń wo ìgò, wọ́n ń wò mí. Nígbà tí wọ́n dá mi sílẹ̀ tí mo padà sínú ọkọ̀, ìyá tó jókòó tì mí, tó ti ń bu ẹ̀pà fún mi láti Kútọnu, ti gbé báàgì rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Kò fún mi ní ẹ̀pà mọ́ títí a fi dé.

Ní ẹnubodè tí a gbà wọ Côte d'Ivoire, obìnrin àgbàlagbà kan ló yẹ ẹrù mi wò. Ó wo ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó wo ìwé tí yunifásítì fún mi, ó wá fi Faransé béèrè bóyá mo ní ọkọ. Mo ní n kò ní. Ó mi orí, ó da àwọn ìgò náà padà fún mi, ó ní iṣẹ́ yìí ni kò jẹ́ kí n ní in. Ó ní kí n máa lọ. Inú bí mi débi pé n kò rántí dúpẹ́.

*Lọ́dọ̀ Màmá Clémentine*

Ìjọ wa ló bá mi wá ibi tí màá dé sí, ní Gonzagueville, àdúgbò kan létí òkun, níbi tí ìró òkun ti ń wọ yàrá wá, tí afẹ́fẹ́ òkun sì ti jẹ gbogbo ìdè ilẹ̀kùn tán. Opó ni Màmá Clémentine. Ará Àjàṣẹ́ tó wà nítòsí Kútọnu ni wọ́n ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Bàbá wọn bá àwọn Faransé ṣe akọ̀wé láyé àtijọ́, ó kó ẹbí rẹ̀ wá sí Abidjan, wọn kò sì padà mọ́. Yorùbá wọn dùn létí, ṣùgbọ́n bó bá ti kan òǹkà tàbí ọjọ́, wọ́n á fò bọ́ sí Faransé. "Ọmọ mi, vendredi la máa ń jẹ ẹja tútù," ni wọ́n á wí, "má jẹ̀ẹ́ kó kọjá midi kó o tó dé." Ọjọ́ Ẹtì ni vendredi, ọ̀sán gangan sì ni midi. Nadège, ọmọbìnrin wọn, gbọ́ gbogbo ohun tí mo bá sọ ní Yorùbá, ṣùgbọ́n Faransé ló fi ń dá mi lóhùn, kíákíá, bí ẹni tí wọ́n ń lé. Báyìí ni a ṣe ń bára wa sọ̀rọ̀: èmi ní tèmi, òun ní tirẹ̀, Màmá láàárín.

"Iṣẹ́ wo lo wá ṣe gan-an?" ni Màmá bi mí lọ́jọ́ tí mo dé.

"Iyọ̀ ni mo wá wò, Màmá."

Wọ́n yíjú sí fèrèsé tó kọjú sí òkun, wọ́n tún yíjú sí mi. "Iyọ̀? Kò sí iyọ̀ ní Nàìjíríà ni?"

Wọ́n gbé attiéké wá pẹ̀lú ẹja díndín, àlùbọ́sà àti tòmátì tútù. Ẹ̀gẹ́ ni attiéké. Ó dà bíi gàrí tí wọ́n fi ooru sè, tó wá pinnu pé òun kò ní di ẹ̀bà. Mo ń retí ọbẹ̀. Mo retí títí, mo wá béèrè. Màmá ní, "Ọbẹ̀ kẹ̀? Ṣebí ẹja nìyẹn." Mo fi ìbínú jẹ ẹ́. Mo sì jẹ ẹ́ tán. Kó tó di òpin ọ̀sẹ̀, èmi ni mò ń béèrè bóyá ó ṣẹ́ kù.

Nígbà tí èmi àti Màmá jọ jáde lọ ra nǹkan, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń pe èrò sínú gbàká, bọ́ọ̀sì kékeré tiwọn, kígbe sí wọn pé, "La vieille, wọlé!" Arúgbó! Ó pe Màmá ní arúgbó ní gbangba! Mo ti ṣí ẹnu láti sọ̀rọ̀ sí i nígbà tí Màmá fà mí lápá. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ni níbí, pé bí kò bá pè wọ́n bẹ́ẹ̀ ni kí n bínú. N kò tíì gbà títí di òní.

Ṣùgbọ́n ohun tó bà mí lọ́kàn jẹ́ kì í ṣe èyí. Nígbà tí mo wẹ̀ tán lọ́jọ́ tí mo dé yẹn, mo ṣí ìgò kírísítà mi láti wò wọ́n. Ní Ìbàdàn, wọ́n mọ́ bí omi tó dì. Báyìí, ẹfun ni mo rí. Mo fi orí abẹ́rẹ́ kan ẹyọ kan, ó fọ́ di lẹ́búlẹ́bú. Inú sípírítì ni mo ti dì wọ́n nílé, díẹ̀ nínú sípírítì náà sì ti jókòó sáàárín àwọn áyọ́ọ̀nù, ó gba àyè láàárín wọn. Ooru inú ọkọ̀ ti lé sípírítì jáde lójú ọ̀nà, àyè náà ṣófo, gbogbo ilé náà sì wó. Mo ti gbé ẹfun láti Ìbàdàn wá sí Abidjan. Torí ẹfun ni mo ṣe jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

*Bonjour kó tó di ohunkóhun*

Mo dé ọgbà tí láàbù ọ̀rẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n wà, mo bi ọkùnrin tó wà lẹ́nu géètì pé níbo ni ẹ̀ka kẹ́mísìrì. Ó wo ọ̀ọ́kán. Ó ní, "Bonjour, madame." Mo tún ìbéèrè mi béèrè. Ó ní, "Bonjour, madame." Ó wá yé mi. Mo kí i, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó béèrè ilé, ó béèrè bí mo ṣe sùn, ó béèrè bí ooru ṣe ń ṣe mí. Nígbà tí a parí gbogbo rẹ̀, mo béèrè ẹ̀ka kẹ́mísìrì. Ó ní òun kò mọ ibẹ̀. Èmi tí wọ́n bí sáàárín àwọn tó ń kúnlẹ̀ kí àgbà, lójú ará Abidjan, èmi ni n kò mọ̀ ọ́n kí.

Ọ̀rẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n ti rìnrìn àjò. Ẹni tó fi mí lé lọ́wọ́ ni obìnrin kan tó ń jẹ́ Aya. Aya ti gba oyè dókítà tirẹ̀, òun ló sì ń tọ́jú ẹ̀rọ ẹ̀ksíreè náà. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín sí ohun tí kò pani lẹ́rìn-ín. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò tó nǹkan, Faransé tèmi kò sì tó gbọ́ bùkátà. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé orúkọ kẹ́míkà nìkan ni àwa méjèèjì ń pè bákan náà. Bí a bá ti fẹ́ sọ pé ebi ń pa wá, a ó máa fọwọ́ ṣàpèjúwe.

Ó fi ẹfun mi sábẹ́ maikirosíkópù, ó wò ó, ó gbójú sókè. "C'est gâté, ma sœur." Ó ti bàjẹ́, arábìnrin mi.

Ó sọ ọ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ó tún sọ fún mi, pẹ̀lú ẹ̀rín náà, pé ẹ̀rọ náà máa wọ àtúnṣe ní òpin oṣù, pé ẹni tó máa tún un ṣe ń bọ̀ láti òkè òkun, pé kò sì sí ẹni tó mọ ìgbà tó máa tún ṣiṣẹ́. Bí n kò bá ní kírísítà tuntun kó tó di ìgbà náà, kí n máa gbé ẹfun mi padà lọ.

*Oje*

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo yọ́ oògùn nínú sípírítì gbígbóná, mo yọ́ ásíìdì nínú òmíràn, mo dà wọ́n pọ̀, mo gbé wọn kalẹ̀ kí sípírítì máa gbẹ díẹ̀díẹ̀. Bí mo ṣe ṣe é ní Ìbàdàn gan-an nìyẹn. Ní Ìbàdàn, mo rí kírísítà. Ní Abidjan, mo rí oje, nǹkan rírẹ̀dòdò kan tó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ìgò, tí ń fà bíi oyin.

Mo mọ ohun tó fà á. Afẹ́fẹ́ ìlú yẹn jẹ́ omi. Aṣọ tí mo sá kì í gbẹ, ìwé mi ń ká kò, iyọ̀ inú ilé ìdáná Màmá pàápàá ti di odindi òkúta nínú ago. Omi inú afẹ́fẹ́ ń wọ inú ìgò mi, ó ń di áyọ́ọ̀nù mú kí wọ́n tó di ara wọn mú. Nítorí náà mo gbógun ti omi. Mo wá ẹyọ funfun kéékèèké tó ń fa omi mu, irú èyí tí wọ́n ń fi sínú páálí bàtà tuntun, mo kó wọn yí ìgò ká nínú àpótí, mo dé e pa. Mo ń ṣí i wò láàárọ̀. Mo ń ṣí i wò lọ́sàn-án. Oje ni. Mo tún ṣe òmíràn. Oje ni. Bí mo ṣe ń ṣe é ni ìyẹ̀fun mi ń tán lọ, ó sì gbà mí ní àkókò gígùn gan-an ní Ìbàdàn kí n tó rí ìwọ̀nba yẹn ṣe.

Aya máa ń kọjá lẹ́yìn mi, á yọjú, á ní, "Ṣó o tún ti ṣí i?" Èmi á yára dé àpótí pa.

Lọ́jọ́ kan ó fa àga, ó jókòó kò mí lójú. Ó mú bírò, ó ya áyọ́ọ̀nù méjèèjì fún mi, ó ya ihò sáàárín wọn.

"Wò ó," ó ní, Faransé díẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, bírò sì ń sọ ìyókù. "Àwọn méjèèjì yìí kò lè kún àyè yìí fúnra wọn. Ní ìlú yín, sípírítì ló bá wọn kún un. Ṣùgbọ́n sípírítì kì í dúró. Ooru díẹ̀, ó ti lọ. Níbí, omi ń wọlé díẹ̀ lónìí, ó ń jáde díẹ̀ lọ́la, torí ìwọ ò jẹ́ kó wọlé tán, ìwọ ò sì lè lé e jáde tán. Wọn ò mọ èwo ni kí wọ́n ṣe. Fún wọn lómi. Omi tó tó. Kó jókòó sínú ihò yẹn, kó má lọ mọ́."

Mo ní ìwádìí tèmi nìyí, kì í ṣe tirẹ̀. Mo sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, mo sì mọ̀ pé ó gbọ́, nítorí kò rẹ́rìn-ín.

Mo pe Ọ̀jọ̀gbọ́n lórí fóònù. "Omi?" ni wọ́n pariwo. "Rónkẹ́, má ṣe fi omi kàn án! Omi á bọ́ sáàárín wọn, á di ọ̀kọ̀ọ̀kan mú, wọn ò ní rí ara wọn mọ́ láéláé. Kí ló dé tí ohun tó o ṣe nílé ò ṣe é ṣe níbẹ̀? Wá ìgò tó dé dáadáa." Wọ́n pa fóònù.

*Adjamé*

Mo lọ wá ìgò tó dé dáadáa. Nadège ní Adjamé ni kí n lọ, pé kò sí ohun tí wọn kì í tà níbẹ̀. Òótọ́ ni, gbogbo wọn ni wọ́n sì ń tà á lẹ́ẹ̀kan náà lójú ọ̀nà kan náà. Èrò ń gbá mi síwá, èrò ń gbá mi sẹ́yìn, gbàká ń fun fèrè sí ẹ̀yìn orúnkún mi. Bí mo bá ti ya ẹnu, wọ́n á mọ ibi tí mo ti wá. "Anàgó!" ni wọ́n ń pe gbogbo Yorùbá níbẹ̀. "Anàgó, wá níbí! Anàgó, kí lò ń wá?" Mo ní ìgò tí ìdérí rẹ̀ le. Ọkùnrin kan mú mi lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan, ìyẹn mú mi lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan, obìnrin náà gbé ìkòkò irin jáde. Mo ní ìgò ni. Ó ní ìkòkò náà ní ìdérí. Mo ní mo mọ̀ pé ó ní ìdérí. Ó ní, tó bá jẹ́ pé mo mọ̀, kí wá ni mò ń bínú sí?

Mo padà sí Gonzagueville láìrí nǹkan kan rà, bàtà mi kan ti já. Màmá ń ṣa ìrẹsì lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo sì tú gbogbo rẹ̀ síta, oje, omi, Ọ̀jọ̀gbọ́n, Aya, ìkòkò irin. Omijé ń bọ́ lójú mi. N kò rò pé wọ́n gbọ́ ìdajì rẹ̀.

"Ọmọbìnrin yẹn, Aya," ni wọ́n wí nígbà tó yá, "ṣé ó mọṣẹ́?"

"Ó mọ̀ ọ́n, Màmá."

"Ṣé o fẹ́ràn rẹ̀?"

"Rárá, Màmá."

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni wọ́n wí, wọ́n sì ń bá ìrẹsì wọn lọ.

Mo wọlé lọ dùbúlẹ̀, inú sì ń bí mi sí Màmá náà. Ṣùgbọ́n n kò rí ohun tí màá fi já wọn nírọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ya ihò yẹn fún mi, ẹni tí kì í rẹ́rìn-ín, ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún, ṣé n kò ní ti gbìyànjú rẹ̀ lọ́jọ́ náà?

*Omi*

Ìyẹ̀fun tó kù nígbà yẹn kò ju ohun tí màá lò lẹ́ẹ̀kan lọ. Bí mo bá tẹ̀ lé Aya tó sì di oje, ó parí nìyẹn, màá sì tún lọ sọ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n pé mo ṣe ohun tí wọ́n ní kí n má ṣe. Mo gbé e lọ bá a.

"Jẹ́ ká fi omi sí i," mo ní.

Kò sọ pé, "Ṣebí mo sọ." Mo ń retí kó sọ ọ́, kí n lè rí ìdí bínú, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́. Ó fọ ìgò, ó gbé omi mímọ́ wá, a jọ kán an sínú sípírítì díẹ̀díẹ̀, a jọ mú un gbóná, a jọ sẹ́ ẹ, a fi bébà fàdákà bo ẹnu ìgò, ó sì fi abẹ́rẹ́ lu ihò sí i. Ó gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó tì í pa, ó ju kọ́kọ́rọ́ sínú báàgì rẹ̀.

"Fún mi ní kọ́kọ́rọ́ yẹn, Aya."

"Rárá. Wàá ṣí i."

"N kò ní ṣí i."

"Ma sœur, wàá ṣí i."

Iṣẹ́ mi, ìyẹ̀fun mi, nínú kọ́bọ́ọ̀dù ẹlòmíràn! Mo ń wá sí láàbù lójoojúmọ́, mo ń jókòó ti kọ́bọ́ọ̀dù bí ẹni tó ń ṣọ́ ilé. Nígbà tó sú Aya, ó gbé mi lọ jẹun ní Zone 4, níbi tí wọ́n ti ń dín ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Níbẹ̀ ló ti sọ fún mi pé nígbà tí òun ń ṣe ìwádìí tòun, òun ṣe kírísítà kan tí gbogbo láàbù wá wò, pé nígbà tí ìwé tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ jáde, orúkọ òun kò sí níbẹ̀. Ó sọ ọ́, ó sì rẹ́rìn-ín, bó ṣe ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo nǹkan. Mo wo ẹ̀rín náà dáadáa lọ́jọ́ yẹn. N kò rò pé mo ti wò ó rí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn kí ẹ̀rọ tó wọ àtúnṣe, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó kàn gbé ìgò náà sí mi lọ́wọ́. Wọ́n wà nísàlẹ̀, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìrẹsì, wọ́n mọ́ débi pé mo kọ́kọ́ rò pé ìgò ló sán. Mo kígbe. Mo dì mọ́ Aya, òun náà kígbe, ọ̀gbẹ́ni kan yọjú láti yàrá kejì, ó ní ta ló kú.

*Ohun tí ẹ̀rọ rí*

Aya yan ẹyọ kan, ó fi òróró lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí ọ̀pá dígí tín-ínrín, ó gbé e sínú ẹ̀rọ. A jókòó ti kọ̀ǹpútà ní gbogbo ọ̀sán yẹn. Nígbà tí àwòrán jáde, ohun àkọ́kọ́ tí mo rí ni pé mo ti kọ irọ́.

Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé ìwádìí mi, Ọ̀jọ̀gbọ́n sì ti fọwọ́ sí i, pé àwọn áyọ́ọ̀nù yẹn tò lọ bí okùn gígùn, oògùn, ásíìdì, oògùn, ásíìdì. Kò sí okùn kankan níbẹ̀. Oògùn méjì àti ásíìdì méjì ló dì mọ́ra wọn bí òrùka. Òrùka wà lórí òrùka. Láàárín òrùka kan àti èkejì, omi ló wà níbẹ̀, ẹyọ molékù omi kan, ó fi ọwọ́ kan di ásíìdì tòkè mú, ó fi ọwọ́ kejì di ti ìsàlẹ̀. Bí a bá yọ ọ́, kò sí ohun tó so wọ́n pọ̀. Omi tí mo fi gbogbo ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn lé jáde ló di ilé náà ró.

Orí kan odindi ni màá tún kọ. Ó dùn mí, ó sì ń pa mí lẹ́rìn-ín. Mo gbé díẹ̀ nínú àwọn kírísítà náà lọ sílé Màmá, mo tẹ́ wọn sórí àwo lójú fèrèsé tó kọjú sí òkun, nínú ooru àti afẹ́fẹ́ tó ti jẹ ìdè ilẹ̀kùn. Wọn kò di ẹfun. Wọn kò di oje. Màmá wò wọ́n, wọ́n ní, "Ṣé torí èyí náà ni?" Mo ní torí ẹ̀ náà ni.

*Orúkọ*

Inú Ọ̀jọ̀gbọ́n dùn nígbà tí mo gbé àwòrán dé iwájú wọn ní Ìbàdàn. Nígbà tí wọ́n dé orí ọ̀rọ̀ okùn tó di òrùka, wọ́n fi bírò họ etí, wọ́n ní kò burú, sáyẹ́ǹsì nìyẹn. Wọ́n ní ká tètè kọ ọ́ ránṣẹ́ kí ẹlòmíràn má bàa ṣe é. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orúkọ: tiwọn, tèmi, ti ọ̀rẹ́ wọn ọ̀gá láàbù.

"Ó ku ti Aya, sà," mo ní.

"Èwo ni Aya?"

"Ẹni tó ní ká fi omi sí i."

"Áà. A óò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìparí ìwé."

Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ ọmọ ilé ìwé àti ọ̀gá rẹ̀ ṣe rí. Ọwọ́ wọn ni oyè mi wà. Mo wo ilẹ̀, mo wo fáàǹù, mo ní, "Sà, bí kò bá sí i níbẹ̀, kí ẹ yọ tèmi náà."

Wọn kò dá mi lóhùn lọ́jọ́ yẹn. Wọn kò dá mi lóhùn ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Bí mo bá kí wọn, wọ́n á ní "ẹn," wọ́n á sì kọjá. Mo ń lọ, mo ń bọ̀, inú ń bí mi, ẹ̀rù ń bà mí, mo ń tún orí ìwé mi kọ fún ọ̀gá tí kò bá mi sọ̀rọ̀. Ó tó àkókò kan, wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ti yọ dígí ojú wọn, wọ́n ń fi etí agbádá nù ún.

"Rónkẹ́, ṣó o mọ̀ pé èmi ni mo ní kó o má fi omi sí i?"

"Mo mọ̀, sà."

"Bí wọ́n bá rí orúkọ rẹ̀, wọ́n á béèrè ohun tó ṣe."

"A ó sọ ohun tó ṣe, sà."

Wọ́n fi dígí padà sójú. Wọ́n wo kọ̀ǹpútà títí, bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀ wọ́n. "Kí lorúkọ ẹ̀ ní kíkún?"

N kò mọ̀ ọ́n. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà níbẹ̀, Aya ni mo ń pè é. Mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ibẹ̀ náà ni èsì ti wọlé, ohùn rẹ̀ tó gbà sílẹ̀. Mo gbé fóònù sórí tábìlì, mo tẹ̀ ẹ́. Ó kọ́kọ́ kí mi, ó kí ilé, ó kí Ọ̀jọ̀gbọ́n tí kò rí rí, kó tó wá bẹ̀rẹ̀: Aya Marie Prisca Ghislaine, ó ń lọ, orúkọ ìyá bàbá rẹ̀, orúkọ tí wọ́n fún un níbi ìrìbọmi, orúkọ bàbá rẹ̀. Ó wá ní, láìrẹ́rìn-ín rárá, "Kọ gbogbo ẹ̀, ma sœur. Gbogbo ẹ̀ pátá."

Ọ̀jọ̀gbọ́n wò mí. "Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀, sà."

Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n fa kíbọ́ọ̀dù mọ́ra, wọ́n ní kí n tún ohùn náà tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.